Lẹ́tà Ṣíṣí sí Ìgbìmọ̀ Àwọn Gíwá Yunifásítì Nàìjíríà lórí Oúnjẹ Ọ̀sán Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ̀yin Gíwá wa tí a bọ̀wọ̀ fún,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń kí àgbà. Ẹ kú iṣẹ́ àbójútó, ẹ sì kú àmúmọ́ra gbogbo ohun tí ojú àwọn yunifásítì wa ń rí ní àkókò yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì ìjọba tó wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, oúnjẹ ọ̀sán sì ni ọ̀rọ̀ tí mo gbé tọ̀ yín wá. Mo mọ̀ pé owó oṣù àwọn olùkọ́, owó iná mànàmáná àti àwọn gbọ̀ngàn tí òrùlé wọn ń jò ti tó láti gba gbogbo àkókò ìpàdé yín, ó sì lè jọ pé ọ̀rọ̀ oúnjẹ kéré láti di ohun tí àwọn gíwá yóò torí rẹ̀ jókòó. Kò kéré rárá. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan rí i dájú pé, ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bá wà, àwo oúnjẹ kan wà nínú ọgbà tó ní ẹ̀wà tàbí ẹyin tàbí ẹja, tó sì ní ẹ̀fọ́, tí iye tí wọ́n ń tà á kò ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi owó ìyáwó ìjọba jẹun lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan ṣe rí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́ ló ń bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, àwọn tó háyà yàrá lẹ́yìn ọgbà nínú wa a sì ti jáde nílé ní nǹkan bí aago mẹ́fà, kí wọ́n lè rí ọkọ̀ wọ̀, kí wọ́n sì tètè rí ibi jókòó nínú gbọ̀ngàn tí èrò rẹ̀ ti pọ̀ ju àga lọ. Irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kì í fi àyè sílẹ̀ fún oúnjẹ àárọ̀. Nọ́ńbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi máa ń sọ bí wọ́n ṣe ń jẹun: 1-0-1 ni ti ẹni tó jẹun láàárọ̀ tó sì jẹun lálẹ́, 0-0-1 ni ti ẹni tí ilẹ̀ ṣú bá kí ó tó fi nǹkan kan ẹnu, 0-1-0 sì ni ti ẹni tó jẹ́ pé oúnjẹ ọ̀sán nìkan ló ní lójúmọ́. Ẹni tó ń ṣe 0-1-0 ni mo ní lọ́kàn jù lọ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí, nítorí pé àwo kan ṣoṣo tó bá jẹ lọ́sàn-án òní ni ara rẹ̀ yóò fi ṣiṣẹ́ títí di ọ̀sán ọ̀la.

Kí ló wá máa ń wà nínú àwo náà? Lọ́dọ̀ àwọn olóúnjẹ tó wà nítòsí gbọ̀ngàn ẹ̀kọ́, ìrẹsì funfun tàbí sìpàgẹ́tì ló sábà máa ń kún un, wọ́n á bu ọbẹ̀ ata díẹ̀ lé e lórí, wọ́n á sì fi pọ̀nmọ́ ẹyọ kan sí i. Níbi tí wọ́n bá ti ń ta ẹ̀wà, ó máa ń tètè tán, ẹ̀fọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí àfi fún ẹni tó bá lè ra òkèlè. Ẹni tí owó rẹ̀ kò bá ká ìrẹsì a ra búrẹ́dì pẹ̀lú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tàbí kí wọ́n se indomie fún un lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ó padà sí yàrá lọ mu gàrí. N kò bú gàrí o. Ẹni tó fi ẹ̀pà mu gàrí tilẹ̀ ṣe ara rẹ̀ lóore ju ẹni tó ra búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò lọ, nítorí pé ẹ̀pà ní èròjà amúaradàgbà, ẹlẹ́rìndòdò kò sì ní ju ṣúgà àti omi lọ. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí gàrí àti ẹ̀pà jẹ́ gbogbo ohun tí ọmọ ogún ọdún yóò fi kàwé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀yin náà yóò rí i pé owó ló fà á bí a bá ṣe ìṣirò rẹ̀ papọ̀. Àjọ NELFUND, tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òfin ìyáwó ẹ̀kọ́ tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, ń fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá yá owó ní 20,000 náírà lóṣù láti fi gbọ́ bùkátà. Bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò pé 670 náírà tó kàn ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, nínú rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì ti wọ ọkọ̀, tí yóò ra ọṣẹ, tí yóò ra dátà tó fi ń wa ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó tó kan oúnjẹ. N kò mọ ibì kan nínú ọgbà yunifásítì tí wọ́n ti ń ta àwo ìrẹsì pẹ̀lú ẹran ẹyọ kan ní iye yẹn. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ rántí pé gbèsè ni owó yìí. Ọ̀dọ́ tó jẹ ẹ́ lónìí yóò san án padà lọ́la, ó sì dùn mí gan-an pé ẹnì kan yóò máa san gbèsè búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò lẹ́yìn tó bá ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde.

Ẹ kò nílò kí n máa kọ́ yín ní ohun tí àìjẹunre ń ṣe sí ara, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé tó mọ̀ ọ́n jù wà lábẹ́ yín. Àmọ́ mo fẹ́ mẹ́nu ba ohun tí mo ń rí. Àwọn obìnrin inú wa nílò oúnjẹ tó ní èròjà áyọ́ọ̀nù tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ ju àwọn ọkùnrin lọ nítorí nǹkan oṣù wọn, oúnjẹ ìrẹsì àti pọ̀nmọ́ kò sì lè pèsè rẹ̀ tó. Ẹni tó bá ní àìtó ẹ̀jẹ̀ a máa rẹ̀ ẹ́, orí a máa fọ́ ọ, kò ní lè pọkàn pọ̀, àwọn ènìyàn a sì rò pé ọ̀lẹ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbà wá níyànjú pé kí àgbàlagbà jẹ èso àti ẹ̀fọ́ tó tó gíráàmù 400 lójúmọ́, kí iyọ̀ tó ń jẹ má sì tó gíráàmù 5. Ẹni tó bá ń fi indomie àti ọbẹ̀ tí wọ́n da Maggi sí jẹun lójoojúmọ́ ti ń rìn lódìkejì ìmọ̀ràn méjèèjì. Inú rírun tí gbogbo wa ń pè ní ọ́lísà náà wà ńbẹ̀. Àwọn dókítà ti ṣàlàyé pé bakitéríà tó ń jẹ́ Helicobacter pylori àti lílo oògùn ara ríro ní àlòjù ló sábà ń fa ọgbẹ́ inú gan-an, pé ebi nìkan kọ́, síbẹ̀ ẹni tí ọgbẹ́ náà bá ti wà nínú rẹ̀, tó sì jókòó láti aago mẹ́jọ títí di aago mẹ́rin láìjẹun, òun nìkan ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe àjèjì ní àwọn yunifásítì wa. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún 1971, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn ń fẹ̀hónú hàn lórí àbójútó ilé oúnjẹ ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi orúkọ Nnamdi Azikiwe pè, ìbọn ọlọ́pàá ba akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Kúnlé Adépéjù, ó sì gba ibẹ̀ kú. Orúkọ rẹ̀ ni ilé ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn ń jẹ́ títí di òní. Lẹ́yìn ọdún méje, ní 1978, ìjọba ológun fi owó kún iye tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún oúnjẹ, láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà kan àti 50 kọ́bọ̀ lójúmọ́. Àfikún yẹn ló bí ìwọ́de tí gbogbo ayé mọ̀ sí "Ali Must Go", nítorí Dókítà Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣọ́nà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Akíntúndé Òjó tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó wà lára àwọn tí ìbọn pa. Wọ́n lé Ṣẹ́gun Òkéòwò, ààrẹ NUNS, ìyẹn ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà, kúrò ní yunifásítì, wọ́n sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ó fi máa di 1984, ìjọba ológun mìíràn yọ owó ìrànwọ́ orí oúnjẹ kúrò pátápátá.

N kò mú ìtàn yìí wá láti halẹ̀ mọ́ yín, kò sì sí ẹni tó fẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kankan tún ta sílẹ̀ nítorí oúnjẹ. Mo mú un wá nítorí pé mo rò pé àṣìṣe kan wáyé lẹ́yìn ọdún 1984 tí a kò tíì tún ṣe. Ìjọba ló dáwọ́ owó dúró. Ṣùgbọ́n bí owó ṣe dúró, àwọn yunifásítì pẹ̀lú dáwọ́ ìrònú lórí oúnjẹ dúró. Ọ̀pọ̀ ilé ìdáná ńlá tó wà ní àwọn ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ di ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ń gba owó lé lórí tàbí ibi ìkẹ́rùsí, ọ̀rọ̀ oúnjẹ sì di ti akẹ́kọ̀ọ́ àti àpò rẹ̀. Mo gbà pé a kò lè padà sí ayé tí wọ́n ń já tíkẹ́ẹ̀tì fún akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lálẹ́, èyí tí àwọn òbí wa ń fi ayọ̀ ròyìn rẹ̀. Iye akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà kò tó nǹkan lára tiwa. Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ni mo ń béèrè, n kò sì ní kó jẹ́ ọ̀fẹ́.

Ibòmíràn ti ń ṣe é. Ní Yunifásítì São Paulo, tó jẹ́ ti ìjọba ìpínlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bràsíl, ilé oúnjẹ yunifásítì ń ta àwo ọ̀sán tó ní ìrẹsì, ẹ̀wà, ẹran àti ewébẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ ní réàlì méjì péré, yunifásítì ló sì ń san ìyókù. Nílé wa níbí, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 2016, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ti ń ṣe tirẹ̀ ṣáájú ìgbà náà. A mọ̀ nígbà náà pé ọmọ tí ebi ń pa kò lè gbọ́ ohun tí olùkọ́ ń sọ. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Wọn kò fi ọjọ́ orí kún un.

Kí n tó sọ ohun tí mo rò pé ó ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n gbèjà àwọn ìyá olóúnjẹ wa, nítorí pé orí wọn ni gbogbo ènìyàn sábà máa ń di ẹ̀bi rù. Àwọn ìyá wọ̀nyí ń jí ní ìdájí, wọ́n ń san owó ṣọ́ọ̀bù fún yunifásítì, wọ́n ń ra gáàsì, wọ́n ń ra omi, wọ́n ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀, wọ́n sì ń gbé ọjà wá pẹ̀lú ọkọ̀ tí owó rẹ̀ fò sókè láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ẹ̀wà tí a mọ̀ sí oúnjẹ mẹ̀kúnnù wọ́n gógó ní ọdún 2024 débi pé ẹlòmíràn nínú wọn kò sè é mọ́. Púpọ̀ nínú wọn ló ń ta àwìn fún akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ̀ pé yóò pẹ́ kó tó san án. Bí ètò kankan yóò bá wáyé, àwọn ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ náà fún kọngílá kan láti òkèèrè tí kò mọ bí ọbẹ̀ ṣe ń dùn lẹ́nu wa.

Lójú tèmi, ọ̀nà tó rọrùn jù ni pé kí yunifásítì dín owó ṣọ́ọ̀bù kù, tàbí kí ó má gbà á rárá, lọ́wọ́ olóúnjẹ tó bá gbà láti máa ta àwo kan tí a ti fẹnu kò lé lórí ní iye tí a ti fẹnu kò lé lórí láti aago méjìlá sí aago méjì. Ìyókù ohun tó ń tà, kí ó máa tà á bó ṣe fẹ́. Owó ṣọ́ọ̀bù tí yunifásítì bá tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù kò lè pọ̀ ju ohun tí ó ń ná lórí ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́ lọ, bó sì tilẹ̀ pọ̀ jù ú, n kò rí ibi tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a lè fi owó sí.

Ní ti ohun tí yóò wà nínú àwo náà, ó dùn mọ́ mi pé a kò ní láti yá ọgbọ́n lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Oúnjẹ wa ló ní in. Ẹ wo àdàlú: lysine àti methionine wà lára àwọn ẹ̀yà tó para pọ̀ di èròjà amúaradàgbà; àgbàdo kò ní lysine tó, ẹ̀wà sì ní in dáadáa, ẹ̀wà kò ní methionine tó, àgbàdo sì ń fi tirẹ̀ kún un, tí èròjà amúaradàgbà inú wọn fi ń pé pérépéré nígbà tí a bá sè wọ́n pọ̀. Mọ́ínmọ́ín àti ẹ̀kọ, tàbí àkàrà àti ògì, ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà. Nínú gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ, bíi gíráàmù 23 ló jẹ́ èròjà amúaradàgbà, nígbà tí ti ìrẹsì funfun kò ju bíi 7 lọ. Nítorí náà àwo tó jẹ́ ìdajì ẹ̀wà àti ìdajì ìrẹsì sàn púpọ̀ ju àwo ìrẹsì tí wọ́n fi pọ̀nmọ́ sí lórí. Àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú náà ti ní ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ nínú kí ẹran tó dé, bí a bá sì fi ẹja sáwá kan sí i, kò sí ohun tó kù. Tẹ̀tẹ̀ àti ṣọkọ kì í wọ́n ní àsìkò òjò. Ọsàn kan tàbí ègé ìbẹ́pẹ kan lẹ́yìn oúnjẹ yóò jẹ́ kí ara lè gba áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà dáadáa, nítorí fítámì C tó wà nínú wọn. Bí a bá sì rẹ ẹ̀wà mọ́jú, tí a da omi rẹ̀ nù, yóò tètè jinná, gáàsì tí a ń rà kò ní tètè tán, inú ẹni tó jẹ ẹ́ kò sì ní kún.

Ibi tí a ó ti rí àwọn nǹkan wọ̀nyí kò jìnnà. Àwọn yunifásítì bíi ti Ìbàdàn àti ti Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní oko ìkọ́ni àti ìwádìí, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Abẹ́òkúta láti ọdún 1988. Ilé iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IITA wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1967, iṣẹ́ lórí ẹ̀wà, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ sì wà lára ohun tó sọ ọ́ di olókìkí. Òun àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ló mú ẹ̀gẹ́ aláwọ̀ òféèfé tó ní èròjà fítámì A jáde fún àwọn àgbẹ̀ Nàìjíríà ní ọdún 2011. Ó yà mí lẹ́nu pé akẹ́kọ̀ọ́ lè ka ìwé lórí ẹ̀gẹ́ yìí ní kíláàsì, kí ó sì jáde nílé ẹ̀kọ́ láìfi ẹnu kan ẹ̀bà rẹ̀ rí. Ẹyin, ẹ̀fọ́, àgbàdo, ìbẹ́pẹ àti gàrí ni kí oko yunifásítì máa pèsè fún àwo ọ̀sán yìí kí ó tó ta ìyókù síta.

Ẹ̀wà ní tirẹ̀, ilẹ̀ Hausa ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, lẹ́yìn ìkórè ní ìparí ọdún ló sì máa ń rọjú jù. Yunifásítì tó bá ra tirẹ̀ nígbà náà, tó sì tọ́jú rẹ̀, kò ní máa bá ọjà sáré nígbà tó bá di oṣù Keje. Ìtọ́jú yìí gba àkíyèsí gidigidi. Ní ọdún 2015, àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá ẹ̀wà Nàìjíríà dúró ní ẹnubodè wọn nítorí oògùn apakòkòrò dichlorvos tí wọ́n bá nínú rẹ̀, irú oògùn bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn kan ṣì ń fi lé kòkòrò kúrò nínú ẹ̀wà tí wọ́n ń tà fún wa níbí. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀ wà, inú rẹ̀ ni àwọn kòkòrò yóò kú sí fún àìrí afẹ́fẹ́ mí láìsí oògùn rárá. Àwọn olùkọ́ ní ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀ yín mọ̀ ọ́n.

Ohun méjì kan kù tí kò ní ná yín lówó púpọ̀. Àkọ́kọ́ ni pé kí wákàtí kan ṣófo lórí àtẹ àkókò ẹ̀kọ́ láàárín ọ̀sán, tí olùkọ́ kankan kò ní gbé kíláàsì àfikún sí i, nítorí pé oúnjẹ tó pọ̀ ní ọjà kò wúlò fún ẹni tí kò lè jáde lọ rà á. Èkejì ni ilé ìdáná ní ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́. Mo mọ ìdí tí ẹ fi fòfin de họ́tipúléètì nínú yàrá, iná ti jó ilé rí, mo sì fara mọ́ òfin náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kó má dáná nínú yàrá gbọ́dọ̀ rí ibi tí yóò dáná sí. Iyàrá kan ní òpin ilé, tó ní ibi ìfọwọ́, fèrèsé ńlá àti sítóòfù gáàsì tí ẹnì kan ń mójú tó, yóò jẹ́ kí àwọn mẹ́rin tó bá pawó pọ̀ lè se ìkòkò ẹ̀wà kan ní òpin ọ̀sẹ̀.

Mo bẹ̀ yín, nígbà tí ìgbìmọ̀ yín bá tún pàdé, kí ẹ fi oúnjẹ ọ̀sán sí ara ohun tí ẹ ó jíròrò, kí gíwá kọ̀ọ̀kan sì yan ìgbìmọ̀ kékeré kan tí olùkọ́ ìmọ̀ oúnjẹ, ìyá olóúnjẹ méjì, aṣojú oko yunifásítì àti aṣojú akẹ́kọ̀ọ́ yóò wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n lẹ iye tí wọ́n ra ọjà àti iye tí wọ́n ta àwo mọ́ ara ògiri ní oṣooṣù, níbi tí gbogbo wa yóò ti lè kà á. Kí ẹ fi ibùgbé akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà tó ń bọ̀, kí ẹ wo bí yóò ṣe rí títí sáà náà yóò fi parí. Bí ẹ bá nílò akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò bá wọn ṣa ẹ̀wà, tí yóò bá wọn já ẹ̀fọ́, tí yóò sì máa kọ ìṣirò sílẹ̀, mo ti fi ara mi sílẹ̀, mo sì mọ àwọn mìíràn tí wọn yóò bá mi lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì ìjọba